Ta Ló Wà Nídìí Okùn?

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin tí à ń pè ní Àǹtí Akọ̀wé fi kọ orúkọ ọkọ̀ ojú omi sínú ìwé, láì fẹsẹ̀ kan ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì wọn wà ní èbúté. Fèrèsé kan ṣoṣo ló kọjú sí omi níbẹ̀, ẹ̀yìn àga ọ̀gá wọn ló sì wà, ọ̀gá náà sì sanra. Ohun tó mọ̀ nípa ọkọ̀ kò ju èyí tí bébà gbé wá bá a lórí tábìlì lọ: orúkọ rẹ̀, bó ṣe gùn tó, ẹrù inú rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tó dé, ọjọ́ àti wákàtí tó lọ. Ìwé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹni tó bá wá ibi tó ti pa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ nínú rẹ̀ yóò wá a tì.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Bọ̀dá, ń ṣiṣẹ́ ní èbúté kan náà, nísàlẹ̀, láàárín àwọn tó ń so ọkọ̀. Wọ́n á jọ jáde nílé láàárọ̀, wọ́n á jọ dé ẹnu géètì, òun á gba ọ̀nà àtẹ̀gùn, Bọ̀dá á gba ọ̀nà omi. Tí wọ́n bá padà délé, kò jẹ́ bi í pé kí ló ṣe. Kí lèèyàn fẹ́ bi ẹni tó ń so okùn? Ó so okùn náà nìyẹn. Ìyá wọn nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ Bọ̀dá, nítorí ẹfun kan tó máa ń wà lórí itan ṣòkòtò rẹ̀, tí kì í tètè lọ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́. Àǹtí Akọ̀wé rò pé ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá gba iṣẹ́ ìwé kíkọ lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣépè fún kọ̀ǹpútà. Òun kò ṣépè. Ó ní nǹkan tó lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó yẹ kí òun mọ ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni nígbà náà. Ó ra ìwé, ó jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, ó sì fi ọdún méjì kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe eré orí kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa dá lẹ́tà àwọn eléré padà.

Eré náà rí báyìí. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ á bá ara rẹ̀ nínú igbó, lọ́wọ́ òfo. Á gégi, á kọ́lé, á wá ohun tó máa jẹ, ebi lè pa á, òtútù lè mú un. Kì í sì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló wà nínú igbó kan náà, oníkálùkù níwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nínú ilé tirẹ̀. Òmíràn á bá ọ kọ́lé. Òmíràn á jó o. Tí èèyàn bá pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́, ilé tó kọ́ sínú eré kò bá a lọ. Ibẹ̀ ló máa wà, tí òjò inú eré á máa rọ̀ lé e lórí.

Òkun yí ilẹ̀ náà ká bí ògiri. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́, ó kú. Nínú lẹ́tà mẹ́wàá tí Àǹtí Akọ̀wé bá ṣí, ó kéré tán, ọ̀kan á béèrè pé ìgbà wo làwọn máa wọkọ̀. Ọdún méjì ló fi ń kọ̀wé padà pé ẹ ṣe sùúrù. Lọ́jọ́ kan, ó dìde, ó lọ bá Ọ̀gá ilé iṣẹ́ eré náà, ọmọkùnrin tí òun ìbá bí.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe èbúté."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Mà, ẹ̀yin?"

Ó gbé ìwé kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú ewé méjìlélọ́gọ́ta. Pákó afárá tí ọkọ̀ máa fara tì wà níbẹ̀, bó ṣe fẹ̀ tó àti bó ṣe nípọn tó. Òpó tí wọ́n máa so okùn mọ́ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ oríṣi mẹ́ta wà níbẹ̀, kékeré, agbedeméjì àti ńlá. Ọ̀gá ṣí i títí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ló fún un, pẹ̀lú ọ̀dọ́bìnrin kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni omi inú eré: odò, òjò, kànga. Olómi ni wọ́n ń pè é, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ.

Ohun tí Àǹtí Akọ̀wé fi yangàn jù ni pé òkun tirẹ̀ ń mí. Ó mọ̀ ọ́n lórí láti inú ìwé àtijọ́ pé omi ń kún fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ó sì ń fà fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Ó ní kí Olómi ṣe é bẹ́ẹ̀ gan-an. Olómi fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún kùn, ó ṣe é.

Wọ́n ṣí èbúté náà dánwò lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kan fún igba eléré. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ogójì ọkọ̀ ti wà lẹ́bàá afárá, okùn wọn le dáadáa bí a ṣe ń di ẹrù. Omi kún. Àwọn tó ni ọkọ̀ pa kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó di òru, omi fà. Omi lọ sísàlẹ̀, okùn ò lọ. Àwọn ọkọ̀ so rọ̀ dirodiro lára òpó bí aṣọ lórí okùn ìsáṣọ. Òmíràn dojú dé, òmíràn já, ó fi ìdí gúnlẹ̀, ó fọ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ṣòfò nínú ogójì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Ọ̀gá pè wọ́n.

"Mà, mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. Ìdánwò kan ló kù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí Jímọ̀ọ̀ tó ń bọ̀. Tó bá ju ọkọ̀ mẹ́wàá lọ tó bàjẹ́ nínú ogójì, a máa yọ òkun kúrò nínú eré. Ẹ̀yin náà á padà sídìí lẹ́tà yín."

"Mo gbọ́," ni Àǹtí Akọ̀wé wí.

Bí wọ́n ṣe jáde, Olómi dì mọ́ ọn lápá. "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n kúkú dá omi dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni."

"Omi tó dúró sójú kan, tí kì í lọ tí kì í bọ̀, kí là ń pè é?"

"Omi ni."

"Ilẹ̀ ni. O kàn kùn ún ní búlúù ni."

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó kọ́kọ́ mú okùn gùn sí i, kó lè tó nígbà tí omi bá fà. Bí omi ṣe kún padà báyìí, okùn gígùn náà sọ àwọn ọkọ̀ di ewúrẹ́ tí wọ́n tú sílẹ̀. Wọ́n ń rìn kiri, wọ́n ń fẹ̀gbẹ́ lu ara wọn títí pákó fi ń fò. Ó gé e kúrú díẹ̀. Ọkọ̀ tún so rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ń gé e tó ń fà á. Kò sí gígùn kan tó dára fún omi kíkún tó tún dára fún omi fífà. Ó padà sínú àwọn ìwé àtijọ́ tó dà kọ nígbà tó wà ní èbúté, ó ka ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ tó dé tó sì lọ láìsí ohun tó ṣe wọ́n. Kò sí ibì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé báwo.

Ọ̀sán Sọ́ńdè kejì, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sílé Bọ̀dá. Bọ̀dá ti fẹ̀yìn tì. Ìbàdí ló ń dà á láàmú, ó jókòó sórí àga pẹ̀lú ìrọ̀rí lẹ́yìn, ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Akọ̀wé! O tún gbé àpótí ẹ dé."

"Ẹ káàsán, Bọ̀dá. Ìyàwó wa, ẹ kúuṣẹ́ o. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo nǹkan ni."

"Eré ọmọdé yẹn náà ni?"

"Òun náà ni."

"Ìwọ tó jẹ́ pé ṣe lo máa ń wá gíláàsì tó wà lójú ẹ."

Ó gbé e ka iwájú rẹ̀, ó ṣí èbúté, ó sì mú kí omi yára fà. Bọ̀dá ń wò ó pẹ̀lú ẹ̀rín ẹ̀gbẹ́ ẹnu. Ẹ̀rín náà lọ. Ó tẹ̀ síwájú. Bí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkùnrin tí kì í dìde láìdi nǹkan mú fò dìde.

"Ẹ dẹ̀ ẹ́! Ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀! Ṣé orí yín ò pé ni?"

"Ta lẹ ń bú?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Ọkọ̀ ń kú lọ lójú gbogbo yín!" Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Ta ló wà nídìí okùn?"

"Kò sẹ́nì kankan."

"Kò sẹ́nì kankan báwo?"

"Ẹni tó ni ọkọ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀, Bọ̀dá. Kò sí nínú eré."

"Ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń lọ ni. Nígbà tiwa náà, tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ báyìí, ìgboro ni wọ́n ń lọ. Ọkọ̀ ló ń dúró. Ìdí tí wọ́n fi gbà wá síṣẹ́ nìyẹn." Ó rọra jókòó, ó di ìbàdí mú. "Kí lo rò pé mò ń ṣe nísàlẹ̀ ní gbogbo ọdún yẹn?"

"Mo rò pé ẹ̀ ń so ọkọ̀."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń so ọkọ̀. Wákàtí tó kù ńkọ́?"

Nínú ìwé Àǹtí Akọ̀wé, ọkọ̀ á dé, ọkọ̀ á lọ. Bí nǹkan kan kò bá ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì, wọn kì í kọ ọ́. Kò sì sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé Bọ̀dá wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà ń rìn láti òpó dé òpó, bí omi bá fà, á dẹ okùn díẹ̀, bí omi bá kún, á fún un mọ́ra díẹ̀, nínú oòrùn, nínú òjò. Òun tó kọ́ èbúté láti inú ìwé, ohun tí ìwé kò mọ̀ ló gbàgbé.

Ó mú bírò. "Ẹ̀yin pọ̀ nísàlẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó fọwọ́ kan okùn kẹ́yìn?"

"Ẹfun. Oníkálùkù ló ní àmì tirẹ̀. Tó o bá ti dẹ okùn kan tán, wàá nu àmì ẹni àná kúrò lára òpó, wàá fa tìẹ sí i. Tí ọkọ̀ bá forí gbá nǹkan, fọ́mà tó jẹ́ olórí wa kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Á kàn bẹ̀rẹ̀ wo òpó ni."

"Kí ni àmì tiyín?"

Bọ̀dá fi ìka fà á sórí apá àga: ìlà mẹ́ta, ẹyọ tóótó kan lábẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ nu itan ṣòkòtò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń nu ẹfun. Àǹtí Akọ̀wé wo itan ṣòkòtò náà, ó sì fi bírò fa àmì náà sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ tó kù, ó fi kọ ọ́ sínú eré. Ẹnikẹ́ni tó bá wà lórí afárá lè dẹ okùn ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni tàbí kó fún un mọ́ra. Ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló lè tú u. Àmì ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn á sì hàn lára òpó, kò ṣe é pa rẹ́ àfi kí ẹlòmíràn wá fi tirẹ̀ rọ́pò.

Ọ̀gá dijú. "Mà, eré ìjà nìyí. Wọ́n ń jó ilé ara wọn. Ẹ wá fẹ́ kí wọ́n máa dẹ okùn fún ara wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ni wọ́n máa rí gbà níbẹ̀?"

"Àmì wọn á wà lára òpó."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

Olómi dá sí i. "Kí ló dé tí okùn ò kúkú máa dẹ ara rẹ̀?"

"Nínú eré yìí, iná ń kú bí ẹnikẹ́ni ò bá koná. Òrùlé ń jò bí wọn ò bá tún un ṣe. Ṣé okùn nìkan ló máa jẹ́ ọmọ ọba?"

Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìdánwò náà, Jímọ̀ọ̀ sí Sọ́ńdè; lóru, a máa ti èbúté pa. Kí ará ọ́fíìsì yìí kankan má fọwọ́ kan okùn o. Tó bá máa dúró, kó dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ pé, ogójì ọkọ̀ tún gúnlẹ̀. Nígbà tí omi kọ́kọ́ fà, mẹ́fà bàjẹ́. Mẹ́rin nínú mẹ́fà náà, ẹnì kan ló mọ̀ọ́mọ̀ fún okùn wọn pinpin. Àmì rẹ̀, orí ìkookò, wà lára òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ojú ẹlẹ́rìí. Àwọn tó ni ọkọ̀ dé, wọ́n wo òpó, wọ́n sì pohùn pọ̀ pé Ìkookò kò ní wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń sáré lórí afárá, ó ń tọrọ àforíjì.

"Ó dùn mọ́ mi nínú," ni Olómi wí. "Ó jó ilé mi lọ́dún tó kọjá."

Wọ́n fi ọkọ̀ tuntun rọ́pò mẹ́fà yẹn kí iye wọn lè pé. Ọ̀sán Sátidé, omi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà, èèyàn márùn-ún péré ló wà lórí afárá. Àǹtí Akọ̀wé jókòó níwájú kọ̀ǹpútà, ó kó ọwọ́ sábẹ́ itan kó má baà ṣèèṣì fọwọ́ kan nǹkan. Òpó tó jìnnà jù, níbi tí omi ti ń kọ́kọ́ lọ, ló ti rí i tí àmì tuntun yọ. Okùn iwájú ọkọ̀, lẹ́yìn náà tẹ̀yìn. Ọkọ̀ kejì, iwájú, ẹ̀yìn. Kò yára, kò sì dúró. Ìlà mẹ́ta, ẹyọ tóótó kan lábẹ́ wọn.

Ó gbé fóònù. Ìyàwó Bọ̀dá ló gbé e.

"Ìwọ lo kó bá mi. Láti àárọ̀ ló ti jókòó síbẹ̀. Àkọ́bí wa ló bá a ṣí i. Oúnjẹ rẹ̀ ti tutù."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní fóònù."

Ohùn Bọ̀dá wọlé. "Má dá mi dúró. Omi ń fà." Ó pa á.

Kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Olómi wo òpó, ó wo ojú Àǹtí Akọ̀wé, ó yé e.

"Àǹtí, ẹ dákẹ́ o. Ará ọ́fíìsì ni wọ́n ní kó má fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá yín kì í ṣe ará ọ́fíìsì."

"Ọmọ ìyá mi ni."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi."

Ó lọ bá Ọ̀gá, ó sọ ọ́ láì bù ú kù. Ọ̀gá ronú. Ó ní, tó bá rí bẹ́ẹ̀, Sátidé kò sí nínú ìṣirò, Jímọ̀ọ̀ pàápàá kò sí mọ́, ìṣirò á tún bẹ̀rẹ̀ látòfo. Sọ́ńdè nìkan ni òun máa kà. Tó bá ju mẹ́wàá lọ, òkun lọ nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́, ó lọ sílé Bọ̀dá. Ó bá a tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Mélòó?"

"Kò sí èyí tó bàjẹ́. Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé lọ́la."

Ẹ̀rín náà rọ. "Mo bá ẹ gba ọkọ̀ ẹ là, o ní kí n má wá mọ́?"

"Tí ẹ bá wá, wọ́n á ní ẹ̀yin lẹ gbé e ró. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè dúró."

"Tó bá wó ńkọ́?"

"Á wó."

Bọ̀dá kọjú sí ògiri. Àbúrò rẹ̀ ti ń mú báàgì. Nígbà náà ni Bọ̀dá wí pé, "Àwọn mẹ́ta kan ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn lónìí. Mi ò mọ̀ wọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń wo ọwọ́ mi." Ó mi orí. "Lọ sílé. Mi ò ní wá."

Ọ̀sán Sọ́ńdè, aago méjì kọjá díẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbé àga wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Akọ̀wé. Kò sẹ́nì kankan lórí afárá. Àfẹ́fẹ́ inú eré ń fẹ́, okùn ń le. Ọkọ̀ kan fì, ó so rọ̀, ó já. Èkejì tẹ̀lé e. Ìkẹta. Olómi fi ọwọ́ bojú. Ìkẹrin lọ. Àǹtí Akọ̀wé kò mójú kúrò.

Ẹnì kan yọ ní ìbẹ̀rẹ̀ afárá. Ó ń sáré, ó kọjá lára gbogbo ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn, ó lọ tààrà síbi òpó tó jìnnà jù. Okùn iwájú. Okùn ẹ̀yìn. Àmì òṣùká yọ lára òpó. Ẹlòmíràn dé, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ọ̀rọ̀ Òṣùká jáde lójú kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà gàdàgbà:

"Ìpẹ̀kun la ti ń bẹ̀rẹ̀! Iwájú kọ́kọ́, ẹ̀yìn tẹ̀lé e! Ṣé o ò rí baba àná ni?"

"Baba wo?"

"Onílà mẹ́ta. Wá, jẹ́ n fi hàn ẹ́."

Wọ́n di mẹ́ta, wọ́n di méje. Kí omi tó lọ tán, wọ́n ti pé mẹ́rìnlá, wọ́n ń lọ láti òpó dé òpó, wọ́n ń pariwo mọ́ ara wọn. Ìkookò pàápàá wà níbẹ̀ tó ń dẹ okùn, tí ẹni méjì dúró tì í tí wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ kan ṣì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó parí síbẹ̀.

Ọ̀gá kà wọ́n. Ó tún wọn kà, ó ń fi ìka tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún ló bàjẹ́, márùndínlógójì ló léfòó.

"Mà, òkun ò kúrò mọ́," ló wí, ó sì gbé àga rẹ̀ padà.

Olómi ń fò sókè. Àǹtí Akọ̀wé ṣì ní iṣẹ́ kan. Èbúté inú eré ní ìwé tirẹ̀ tó ti ṣe bí ìwé ọ́fíìsì àtijọ́: orúkọ ọkọ̀, ìgbà tó dé, ìgbà tó lọ. Ó ṣí i, ó fa ìlà tuntun sí àárín ìgbà méjèèjì, ó sì kọ sókè rẹ̀ pé: Ẹni tó ṣọ́ okùn. Ó dúró wo ibẹ̀ títí àmì òṣùká fi wọlé síbẹ̀ fúnra rẹ̀, lẹ́yìn náà ló pe Bọ̀dá.

"Mélòó?"

"Márùn-ún."

"Márùn-ún! Nígbà tiwa, ẹyọ kan péré, wàá bá ara ẹ lẹ́yìn géètì."

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Ṣé mo lè padà síbi iṣẹ́ mi báyìí?"

"Ẹ lè padà."

"Ìgbà wo ni omi tún máa fà?"

Ó sọ wákàtí náà fún un. Ó gbọ́ tó ń ké sí ìyàwó rẹ̀ pé kó tètè gbé oúnjẹ wá, òun fẹ́ lọ síbi iṣẹ́.